Bíréèkì oníná tírélà kékeré tí kò mú: ẹ wọn iná kí ẹ tó ra òòfà

Tírélà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe gbọ̀ngbọ̀ràn tó ń kó sìmẹ́ǹtì gba ọ̀nà Gbọ̀ngán wọ Òṣogbo. Afẹ́fẹ́ ni bíréèkì ìyẹn ń lò. Tírélà kékeré là ń wí, èyí tí jíìpù ń fà, tó gbé jẹnẹrétọ̀, táńkì omi, ẹ̀rọ DJ tàbí ọkọ̀ mìíràn sórí. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá nínú wọn sábà máa ń ní bíréèkì oníná. Bí ẹrù bá tó tọ́ọ̀nù méjì, tí bíréèkì ẹ̀yìn kò sì mú, ti ọkọ̀ iwájú nìkan ló kù tí yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró, tírélà á sì máa ti jíìpù lẹ́yìn bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Iléṣà. Kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀ rárá.

Ohun tó ń dunni jù níbẹ̀ ni owó tó ń ṣòfò. Ẹni tó ni tírélà á ra òòfà mẹ́rin tuntun láti Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn, wọ́n á tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á dè é padà, bíréèkì kò sì ní mú síbẹ̀, nítorí pé wáyà funfun kan ṣoṣo ló ti jẹrà nínú téèpù lábẹ́ tírélà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Òòfà kì í tètè kú. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, àti ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, mítà ìwọnná ẹgbẹ̀rún díẹ̀ náírà sì tó láti fi mọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ti ń wá. Inú dúrọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni òòfà kan wà. Bí iná bá dé ibẹ̀, òòfà á lẹ̀ mọ́ ojú dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, dúrọ́ọ̀mù á wọ́ ọ lọ díẹ̀, apá irin tí òòfà wà lórí rẹ̀ á sì ti ṣúù bíréèkì síta kí ó gbá dúrọ́ọ̀mù mú. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lẹ̀ tó. Òòfà inú dúrọ́ọ̀mù íńṣì 10 àti íńṣì 12 ń mu nǹkan bí ámpù 3 ní fólítì 12. Ti íńṣì 7 ń mu nǹkan bí 2.5. Wáyà méjì ló jáde lára rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ pọ́sítífì tàbí nẹ́gẹ́tífì nínú wọn. Èyí tó bá wù yín ni ẹ lè so mọ́ ẹ́ẹ̀tì.

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba iná tirẹ̀ lára wáyà búlúù, tó sì ń dá a padà sára wáyà funfun. Nítorí náà, bí òòfà kan bá jóná, àwọn tó kù á ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá wá rí i pé gbogbo ẹsẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá ní òòfà ló bàjẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò lè kú lọ́jọ́ kan. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni kí ẹ lọ: púlọ́ọ̀gì, wáyà funfun, fíúsì, tàbí kọntiróólà inú ọkọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń rán iná sí bíréèkì tírélà. Bó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ni kò mú, tí tírélà ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà ń ṣi ọ̀pọ̀ ríwáyà wa lọ́nà, nítorí pé tòkunbọ̀ tó ń wọlé kì í ṣe ti ibì kan. Lára tírélà Amẹ́ríkà tó ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu 7, funfun ni ẹ́ẹ̀tì, búlúù ni bíréèkì, dúdú ni iná bátìrì tí kì í kú, bíráùn ni iná kékeré ẹ̀yìn, yẹ́lò ni tráfíkétọ̀ òsì, gíríìnì ni ti ọ̀tún, èyí tó wà láàárín sì jẹ́ ti iná rìfáàsì. Lára ti Yúróòpù, funfun, yẹ́lò àti gíríìnì kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n búlúù jẹ́ iná pupa ẹ̀yìn tí wọ́n ń tàn nínú kùrukùru, dúdú sì jẹ́ iná kékeré ẹ̀yìn apá òsì. Ẹni tó bá kàn so àwọ̀ mọ́ àwọ̀ á rí iná òsì tó ń tàn tọ̀sán-tòru, á sì rí iná pupa tó ń là nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Ohun mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ tírélà kékeré tó ti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù wá kò fi iná ṣe bíréèkì rárá. Orí ibi ìfà wọn ló ń wọlé sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá dúró, òun ló ń fa okùn irin bíi ti háńbíréèkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Bí wáyà méjì bá ti ibẹ̀ jáde, oníná ni. Bó bá jẹ́ okùn irin, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí kò kàn yín.

Bí ọkọ̀ tó ń fà á bá sì jẹ́ lọ́rì oní fólítì 24, ẹ má so búlúù mọ́ ọn. Fólítì 12 ni òòfà wọ̀nyí ń lò; iná ìlọ́po méjì á jó wọn.

Ó tó àkókò láti fọwọ́ kàn án. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé kí ẹ pín ìṣòro náà sí méjì: ṣé ara ọkọ̀ ló wà ni, àbí ara tírélà? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀. Ẹ gbé bátìrì ọkọ̀ tó yó dáadáa wá, ẹ fi fíúsì ámpù 20 sára wáyà tó ti pọ́sítífì rẹ̀ jáde, ẹ fi kan ẹnu búlúù lára púlọ́ọ̀gì tírélà, kí ẹ sì fi nẹ́gẹ́tífì kan ẹnu funfun. Kí ẹnì kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀, kó tẹ́tí. Òòfà tó yè á ró “tàk” bí iná bá kàn án, á tún ró bí ẹ bá já iná náà. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i bí ẹ ṣe ń fún un níná. Ó gbọ́dọ̀ le. Bí gbogbo ẹsẹ̀ bá mú báyìí, tírélà kò lẹ́bi, inú ọkọ̀ ni kí ẹ lọ. Bí wọn kò bá mú, ẹ má tíì tú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ló kàn yìí. Ríwáyà á já wáyà òòfà, á fi mítà kan búlúù àti funfun, á rí 12.4, á wá ní, “Ọ̀gá, iná ń dé ibẹ̀ o, òòfà yín ló ti lọ.” Kì í ṣe irọ́ ló pa, mítà ló tàn án. Mítà kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ mu iná kankan, nítorí náà bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé okùn kóbà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín bí irun ló kù nínú wáyà tó jẹrà, mítà á ṣì ka 12. Àmọ́ bí òòfà mẹ́rin bá ní kí ámpù 12 gba ojú okùn kan yẹn kọjá, fólítì á wó lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wọn iná nígbà tí òòfà ń mu ún lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ so pọ̀ bó ṣe wà, ẹ fún un níná láti ara bátìrì, kí ẹ wá fi ẹnu mítà kan wáyà méjèèjì lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù.

Bí bátìrì bá wà ní 12.4, tí ẹ rí 11.3 sókè níbẹ̀, wáyà yín dára. Bí ẹ bá rí 9 tàbí 8, nǹkan kan ń jẹ fólítì lójú ọ̀nà, ẹ sì lè mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Ẹ fa wáyà gígùn kan láti nẹ́gẹ́tífì bátìrì wá sí ẹnu dúdú mítà, kí ẹ fi ẹnu pupa kan wáyà funfun lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, kí iná ṣì máa lọ. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 0.5 tàbí kó dín. Bó bá ka 3, fólítì 3 ti sọnù sínú ẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá máa rìn padà sí iwájú tírélà, kí ẹ máa fi ẹnu pupa yẹn kan ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí 3 bá ti já sí 0.4 lójijì, àárín ibẹ̀ àti ibi tí ẹ kàn gbẹ̀yìn ni àìsàn wà. Ẹ ṣe bákan náà fún búlúù láti pọ́sítífì.

Ẹ tú téèpù ibẹ̀. Téèpù dúdú tí oòrùn ti nà fún ọdún méjì á ti di ohun tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lórí kóbà, iyẹ̀pẹ̀ pupa á sì ti bá omi òjò wọ àárín rẹ̀. Ẹ gé e, ẹ bó wáyà náà. Bí kóbà inú rẹ̀ bá ṣì dúdú, ẹ tún gé e sẹ́yìn, nígbà mìíràn ó lè tó ìwọ̀n ọwọ́ kan gbáko, títí tí ẹ ó fi rí kóbà tó ń dán. Kóbà dúdú kì í gba sódà, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé iná dáadáa. Ẹ fi sódà mú un, kí ẹ fi rọ́bà tí iná ń sún kì bò ó, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, kí ẹ tó wé téèpù. Lílọ́ wáyà mọ́ra pọ̀ lásán, tí wọ́n wá ń wé téèpù lé lórí, kò ju òjò oṣù kan lọ. Àwọn kílíìpù onírọ́bà tí wọ́n ń fi pùláyà tẹ̀ mọ́ wáyà láìbó o náà kì í pẹ́ lábẹ́ tírélà. Ọ̀bẹ kékeré inú wọn á gé díẹ̀ lára okùn kóbà, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ́ẹ̀tì tírélà kò gbọ́dọ̀ dá lé orí bọ́ọ̀lù tí ọkọ̀ fi ń fà á. Gírísì àti ìpẹtà wà níbẹ̀, ìsopọ̀ rẹ̀ sì ń jà bí ọkọ̀ bá ti ń já wọ kòtò. Wáyà funfun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi bóòtù dè é mọ́ irin tírélà lórí ibi tí ẹ ti fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò. Bí ẹ́ẹ̀tì bá burú, àmì kan wà tó rọrùn láti mọ̀: bí ẹ bá tẹ tráfíkétọ̀, iná ẹ̀yìn mìíràn á máa bá a ṣẹ́jú, tàbí ojú kọntiróólà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí bíréèkì. Iná tí kò rí ọ̀nà funfun gbà padà ló ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Bí ẹ bá fẹ́ ka iye òòfà tó yè láìtú ẹsẹ̀ kankan, ẹ yí mítà sí óòmù, èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ẹ já bátìrì àyẹ̀wò, púlọ́ọ̀gì kò gbọ́dọ̀ sí lára ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu mítà méjèèjì kanra wọn. Bó bá ka 0.3 tàbí 0.4, ti wáyà mítà fúnra rẹ̀ nìyẹn, ẹ ó yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá wọn láti búlúù sí funfun lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Òòfà íńṣì 10 tàbí 12 kan jẹ́ nǹkan bí óòmù 3.2. Tírélà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí gbogbo rẹ̀ yè á ka nǹkan bí 0.8. Bí mẹ́ta bá yè, ẹ ó rí 1.1; méjì, 1.6, ọ̀kan ṣoṣo, 3.2. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já níbi tí gbogbo wọn ti pàdé. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 0.5 lọ dáadáa, búlúù ti bíríìjì mọ́ irin níbì kan. Òòfà tí ẹ ti já wáyà rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ka ohunkóhun láti ara wáyà sí ara irin rẹ̀. Bó bá kà, inú rẹ̀ ti bíríìjì, ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹ pààrọ̀. Méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, òsì àti ọ̀tún orí ásúlù kan náà, kí tírélà má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ ṣọ́ra tó bá di wíwọn ámpù. Ihò ámpù lára mítà kékeré kì í gbà ju 10 lọ, òòfà mẹ́rin sì ń mu nǹkan bí 12. Fíúsì inú mítà á já, ẹ ó wá rò pé iná ni kò sí. Ẹ wọn ásúlù kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn nǹkan bí ámpù 6. Mítà ẹlẹ́nu ẹ̀mú tí àwọn oníná ilé ń fi gbá wáyà mú náà dára, bó bá ti jẹ́ irú èyí tó ń wọn DC, ìyẹn iná bátìrì. Èyí tó ń wọn AC nìkan á ka òdo lórí wáyà bátìrì.

Ibì kan tí wáyà sábà máa ń fara gbọgbẹ́ tí ojú kì í rí ni inú ásúlù. Àwọn kan fa wáyà láti ẹsẹ̀ òsì gba inú páìpù ásúlù lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí tírélà bá ti ń mì, wáyà á máa ha ara rẹ̀ mọ́ etí ihò irin títí rọ́bà rẹ̀ á fi bó. Irú bíríìjì bẹ́ẹ̀ ń wá, ó ń lọ: ẹ dúró síbì kan, gbogbo nǹkan pé, ẹ bọ́ sínú kòtò, fíúsì já. Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú ásúlù. Ẹ já wáyà yẹn lórí méjèèjì, ẹ fi òmíràn gba òde ásúlù, kí ẹ dè é pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ fi rọ́bà yí i ká níbi tó bá ti kọjá lára irin.

Wáyà wo ni kí ẹ rà? Wáyà ilé oníkóbà kan gbọn-in kọ́. Ó rọrùn láti rí káàkiri Òṣogbo, ṣùgbọ́n mímì á ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà rẹ̀, ẹ kò sì ní rí ibi tó ti ṣẹ́. Ẹ ra fúlẹ́ẹ̀sì olókùn púpọ̀, 4 mm fún búlúù àti funfun. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: lórí tírélà tí wáyà rẹ̀ gùn ní mítà 8, tí ámpù 12 ń kọjá, wáyà 1.5 mm á jẹ nǹkan bí fólítì 2.3 ní àlọ àti àbọ̀, 2.5 mm á jẹ 1.4, 4 mm kò jẹ tó 1. Àwọn tó fi 1.5 ṣe funfun nítorí pé “ẹ́ẹ̀tì lásán ni” kò rántí pé gbogbo iná tó gba búlúù lọ ló ń gba funfun bọ̀.

Bíréèkì tó ń mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tan iná ọkọ̀ ló ń mú, bíráùn ti kan búlúù, inú púlọ́ọ̀gì ló sì sábà máa ń wà: ẹ tú u, ẹ wo bóyá okùn kóbà kan yọ jáde lábẹ́ sùkúrù. Bó bá ń mú ní gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá ti wà lára ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá dúdú ló kan búlúù. Bó bá ṣì ń mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì, súwíìṣì ìjábọ́ ni, èyí tó wà lórí apá ìfà tírélà, tó ní píìnì àti okùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, okùn á fa píìnì yọ, bátìrì kékeré orí tírélà á sì fún òòfà níná. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, á máa fún wọn níná láìbéèrè. Ẹ já wáyà kan lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tú, ẹ ti mú olè náà. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ má kàn já a sọnù. Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tó fa píìnì, nítorí iná bátìrì tó bá padà wọ kọntiróólà lè bà á jẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ní kí bátìrì yẹn lè di bíréèkì mú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bó bá ti kú tàbí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, píìnì lásán ni ẹ so mọ́ ọkọ̀.

Ti inú ọkọ̀ kò le. Wáyà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn kọntiróólà: dúdú ń gba iná láti bátìrì, funfun jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, pupa ń gbọ́ láti súwíìṣì iná bíréèkì, búlúù ń gbé iná lọ sí tírélà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ti lífà ara kọntiróólà tí bíréèkì tírélà mú, ṣùgbọ́n tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ọkọ̀ tí kò mú, pupa ni. Bí méjèèjì kò bá mú, ẹ wo fíúsì tàbí bíréékà ámpù 20 tàbí 30 tó wà lórí dúdú, lẹ́yìn náà ẹ wọn búlúù nígbà tí ẹ bá ti lífà náà dé òpin. Bí lífà kò bá tíì dé òpin, iná tó ń já tó ń so ni kọntiróólà ń rán jáde, mítà olówó pọ́ọ́kú a sì máa kà á ségesège, nítorí náà òpin ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí gílóòbù 21W sì so mọ́ búlúù náà, kó máa mu iná. Kọntiróólà tó ń jẹ́ Prodigy P2 máa ń kọ àìsàn síta fúnra rẹ̀: n.c. bí kò bá rí òòfà kankan, S.H. bó bá rí bíríìjì, O.L. bí iná tó ń lọ bá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ tààrà sí nẹ́gẹ́tífì bátìrì, kì í ṣe sí sùkúrù abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bí gbogbo iná bá wá pé, tí tírélà ṣì ń yọ̀, ẹ tú dúrọ́ọ̀mù. Gírísì bẹ́ríǹ tó ti yọ́ sórí ṣúù ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ṣúù tó ti mu gírísì kò ṣeé fọ̀. Ẹ wo ojú òòfà bóyá ó jẹ dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá dè é padà, ẹ yí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tó wà nísàlẹ̀, tó ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù, títí ẹsẹ̀ yóò fi le láti yí, kí ẹ wá dá a padà ní eyín 10. Ṣúù tuntun kì í mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 20 sí 30 lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, láti nǹkan bíi 65 km/h sí 30, kí ẹ máa jẹ́ kó tutù láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láìfara kàn án. Ó yẹ kí ooru wọn dọ́gba. Èyí tó bá tutù láàárín wọn ni ẹ ó padà gbé mítà lọ bá.